Wọ́n dá àkáǹtì ìtajà mi dúró: báwo ni kí n ṣe kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn tí wọn yóò kà?

Alátùpà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àtùpà ìkàwé tí a ń gbé sórí tábìlì ni mo ń tà lórí ọjà ńlá kan ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò sì ní dárúkọ ọjà náà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò ta ayédèrú rí, n kò gba owó ẹnikẹ́ni kí n má fi ọjà rẹ̀ ránṣẹ́, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àtùpà náà gan-an ni mo sì ti ń rà á.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà láti wo iye àtùpà tí àwọn oníbàárà ti béèrè fún lóru, mo sì bá ìlà pupa kan lókè ojú-ìwé náà pé wọ́n ti dá àkáǹtì mi dúró. Ímeèlì tó tẹ̀lé e kò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní àwọn oníbàárà fẹ̀sùn kàn mí pé mo ń ta ọjà tí ẹlòmíràn ti lò bí ẹni pé tuntun ni. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, ohun tí mo ti ṣe sí i, àti ohun tí n óò ṣe kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀. Ó sì ní owó mi tó wà lọ́wọ́ wọn yóò wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi parí àyẹ̀wò.

Kò tó wákàtí kan tí mo fi kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn àkọ́kọ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni àwọn oníbàárà náà ń pa, mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí a jọ ń ta àtùpà ló rán wọn sí mi, mo ní òwò yìí ni ìdílé mi fi ń jẹun, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣàánú mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fèsì pé àlàyé mi kò tó. Mo kọ èkejì, mo sì fi rìsíìtì mẹ́fà láti ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ra ọjà tì í lẹ́yìn. Èsì àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú rẹ̀.

Kí ni kí n kọ sínú ẹ̀kẹta? Ṣé kí n gba ẹ̀bi ohun tí n kò ṣe ni? Ọ̀rẹ́ mi kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi orúkọ ìyàwó mi ṣí àkáǹtì mìíràn kí òwò má baà dúró, nítorí pé àtùpà tó lé ní 400 ló wà nínú ilé ìkẹ́rùsí mi báyìí.

Ìyálọ́jà_Ayélujára dáhùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Alátùpà, mo mọ bí ìlà pupa yẹn ṣe máa ń rí lójú ẹni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí àkáǹtì kejì, ìbáà jẹ́ lórúkọ ìyàwó yín tàbí lórúkọ ọmọ yín. Àwọn ọjà wọ̀nyí máa ń fi nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù àti ẹ̀rọ tí ènìyàn fi wọlé so àkáǹtì kan mọ́ òmíràn. Bí wọ́n bá rí i pé ẹni tí wọ́n dá dúró ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹ̀sùn tuntun lẹ̀ ń wò yẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́, èyí sì jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹnì kan tó sún mọ́ mi gan-an dán an wò. Wọ́n ti àkáǹtì tuntun náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì gbọ́ ẹjọ́ ti àtijọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ má sì tíì fi ìwé kẹta ránṣẹ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ rọ̀.

Akọ̀wé_Ọjà dáhùn:

Alátùpà, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé mo rí ibi tó ti wọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n pè yín kọ́ lẹ̀ ń jẹ́. Wọn kò sọ pé ayédèrú lẹ̀ ń tà, wọ́n ní ọjà tí a ti lò lẹ̀ ń tà bíi tuntun. Rìsíìtì mẹ́fà tí ẹ fi ránṣẹ́ fi hàn pé ojúlówó ni àtùpà náà nígbà tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ipò tó wà nígbà tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tó ka ìwé yín wo ẹ̀sùn, ó wo ẹ̀rí, ó rí i pé wọn kò bára mu, ó sì tẹ èsì tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ìdí tí èsì méjèèjì fi jọra nìyẹn, kì í ṣe pé wọn kò kà á.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, mo sì fẹ́ kí ẹ dìde lórí àga kí ẹ tó dá mi lóhùn: àtùpà tí oníbàárà bá dá padà, ibo ló ń lọ? Ta ló ń ṣí páálí rẹ̀ wò? Ta ló ń pinnu pé ó ṣì jẹ́ tuntun? Nínú gbogbo ẹ̀sùn irú èyí tí mo ti bá àwọn olùtajà yẹ̀ wò, ibi ìdápadà ọjà ni a ti máa ń rí okùnfà rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Oníbàárà kan lo ọjà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dá a padà, ẹnì kan rí i pé páálí kò ya, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Ẹni tó rà á lẹ́yìn náà kò pa irọ́ rárá. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí wọ́n dá padà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì ka ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó bí yín nínú.

Ẹ má rò pé ẹ̀sùn náà ní láti pọ̀ kí ó tó lè ṣe yín ní ìpalára. Amazon, fún àpẹẹrẹ, kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ìbéèrè ọjà tó ní àbùkù, ìyẹn èyí tí oníbàárà fẹ̀sùn kàn, kò gbọ́dọ̀ tó 1 nínú 100 láàárín 60 ọjọ́. Ẹni tó bá ta 300 ọjà láàárín àkókò yẹn, oníbàárà mẹ́ta péré ti tó láti gbé e dé ibẹ̀. Ẹ̀sùn ọjà àlòkù tí a tà bíi tuntun kò sì nílò láti tó iye kan kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀.

Ní ti ìwé náà fúnra rẹ̀, ohun mẹ́ta tí wọ́n béèrè ni kí ẹ dáhùn, bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni kí ẹ sì tò wọ́n. Ohun tó fà á gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tí ọwọ́ yín lè tún ṣe. Bí ẹ bá kọ pé oníbàárà ló ń purọ́, ẹ ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ẹ lè tún ṣe, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò tún ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ohun tí ẹ ti ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti parí kí ẹ tó kọ ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Ohun tí ẹ óò máa ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bàjẹ́, nítorí pé wọ́n á kọ ọ́ pé «a ó máa ṣọ́ra sí i», gbólóhùn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa ṣọ́ra? Ní ọjọ́ wo? Kí ni yóò fọwọ́ sí láti fi hàn pé òun ti ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ìdílé àti ebi, ẹ yọ ọ́ kúrò. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ka ìwé yín kò ní àṣẹ láti fi àánú ṣí àkáǹtì.

Alátùpà fèsì:

Akọ̀wé_Ọjà, mo dìde lórí àga gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí.

Mo lọ sí ilé ìkẹ́rùsí lálẹ́ àná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn páálí náà wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí tó ti ilé iṣẹ́ wá, téèpù kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dé pẹpẹ kejì, mo rí ọ̀kan tí téèpù méjì wà lẹ́nu rẹ̀, èkejì kò sì bo àkọ́kọ́ tán, etí ti àkọ́kọ́ ṣì yọ síta. Mo ṣí i. Okùn iná àtùpà náà, èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì, rọ́bà ni ẹnì kan fi dì í. Ìka ọwọ́ ènìyàn hàn lára ọrùn àtùpà náà ketekete. Ìwé kékeré tí oníbàárà máa ń kọ ìdí tó fi dá ọjà padà sí ṣì wà nísàlẹ̀ páálí náà: «Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó mi.»

Mo rí mọ́kànlá irú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi di ẹrù ṣàlàyé pé bí páálí bá ti dára lójú, òun máa ń tún téèpù lẹ̀ mọ́ ọn, òun á sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé n kò fìgbà kan sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Àwọn oníbàárà tí mo pè ní òpùrọ́ nínú ìwé mi àkọ́kọ́, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ojú tì mí gidigidi.

Olóòótọ́_Lọjà dáhùn:

Inú mi dùn pé Alátùpà rí okùnfà ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ohun kan kún un nítorí àwọn mìíràn tí yóò ka èyí, kí wọ́n má baà rò pé gbígba ẹ̀bi ni oògùn gbogbo ìdádúró.

Nígbà tí wọ́n dá tèmi dúró, wọ́n ní àwọn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èmi ni mo ni àkáǹtì náà. Àwọn kan rọ̀ mí pé kí n kàn jẹ́wọ́ nǹkan kan kí wọ́n lè ṣí i. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí n kò ṣe ni ìbá wà lákọsílẹ̀ lórúkọ mi títí láé. Orúkọ mi mẹ́ta ló wà lórí ìwé ìrìnnà mi, méjì péré ló wà lórí ìwé báńkì, àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé owó iná mànàmáná sì jẹ́ ti ilé tí mo ti kó kúrò. Mo lọ sí báńkì, wọ́n fi orúkọ kẹta kún un; mo ní kí ilé iṣẹ́ iná tún àdírẹ́sì mi kọ; mo wá fi ìwé tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́rin péré. Wọ́n ṣí i.

Nítorí náà, bí ẹ̀bi bá wà, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí kò bá sí, ẹ fi ẹ̀rí sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ ya àwòrán ìwé yín kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ hàn, ẹ má gé etí rẹ̀ kúrò, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tún lẹ́tà kan ṣoṣo kọ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ láti tún àṣìṣe akọ̀wé ṣe. Ìwé tí a ti fọwọ́ tún kọ ni wọ́n máa ń pè ní ìwé èké, ìyẹn sì le ju ẹ̀sùn yòówù tí ẹ ní tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Òfin dáhùn:

Kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba òfin, bẹ́ẹ̀ ó kan àwọn kan lára wa. Alátùpà kò sọ ibi tí òwò rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀, n kò sì bi í, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn yóò mọ̀.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin 2019/1150, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2020, sọ pé bí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ dá olùtajà dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dá a dúró tán. Bí ó bá fẹ́ lé e kúrò pátápátá, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́, àyàfi ní àwọn ipò kan bíi kí olùtajà ti rú ìlànà léraléra. Olùtajà tó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì ń tajà fún àwọn ará ibẹ̀ ni òfin yìí wà fún. Òfin kejì, Digital Services Act, tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láti ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2024, fún ènìyàn ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ ọjà náà fúnra rẹ̀, kò sì gbà kí ẹ̀rọ nìkan dá ẹjọ́ yẹn láìsí ènìyàn níbẹ̀. Òfin méjèèjì dín ẹrù gbígbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kù fún àwọn ọjà kéékèèké.

Ní Amẹ́ríkà, apá ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti wá. Òfin INFORM Consumers Act, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2023, pàṣẹ pé kí ọjà gba nọ́ńbà báńkì, nọ́ńbà owó orí, àdírẹ́sì ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù olùtajà tó bá ta ọjà tuntun nígbà 200 ó kéré tán, tí owó tó wọlé fún un sì tó 5,000 dọ́là, láàárín oṣù méjìlá. Bí olùtajà bá kọ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní ohun kankan láti ṣàlàyé. Ìwé tí wọ́n ń béèrè ni kó yára fi ránṣẹ́.

Ní ti owó tó há, ẹ wá ojú-ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ka ibi tó ti sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi di owó mú. Ẹ béèrè fún un nínú ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe nínú ìwé kòtẹ́milọ́rùn, kí ọ̀rọ̀ méjì má baà dàrú mọ́ra wọn.

Alátùpà fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

«Ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà fi kàn wá jẹ́ òtítọ́. A kò ní ìlànà kankan fún àtùpà tí wọ́n bá dá padà. Ẹni tó ń di ẹrù máa ń wo òde páálí nìkan, bí kò bá sì ya, ó máa ń gbé e padà sáàárín àwọn tuntun. A rí mọ́kànlá nínú ilé ìkẹ́rùsí wa. A ti kó gbogbo wọn kúrò, a kò sì ní tà wọ́n bíi tuntun láé. A ti ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún ọjà tí wọ́n bá dá padà, ó jìnnà sí ti àwọn tuntun, a sì fi àwọ̀ pupa kùn ún. Ohun tó bá dé orí pẹpẹ yìí kò ní padà sínú ọjà tuntun mọ́, ìbáà jẹ́ pé a kò tíì ṣí i rí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni n óò máa ka ohun tí ó wà níbẹ̀, tí n óò sì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. A tọrọ àforíjì nínú ìwé wa àkọ́kọ́ tí a fi pe oníbàárà ní òpùrọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti ń tajà lọ́dọ̀ yín láìsí ìṣòro.»

Akọ̀wé_Ọjà dáhùn:

Ìwé gidi nìyí. Díẹ̀ ló kù.

Ẹ yọ gbólóhùn ìkẹyìn, èyí tó sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin, nítorí pé wọ́n lè wo ìyẹn fúnra wọn, ó sì dà bí ẹni tó ń jiyàn lẹ́yìn tó ti jẹ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kó mọ́kànlá náà kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè ọjà ti àwọn oníbàárà tó fẹ̀sùn kàn yín, kí ẹ sì dá owó wọn padà kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, nítorí pé kò sí ibì kankan nínú ìwé yìí tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dun jù. Ẹ fi àwòrán pẹpẹ pupa náà tì í lẹ́yìn, àti ti ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ fọwọ́ sí. Rìsíìtì mẹ́fà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Alátùpà fèsì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oníbàárà márùn-ún ni mo dá owó padà fún, mo sì kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àwòrán méjèèjì. Ọjọ́ kẹrin ni èsì dé, tí kò sì jọ àwọn ti ìṣáájú: wọ́n ní kí n fi ìlànà tí mo kọ fún ẹni tó ń bá mi di ẹrù ránṣẹ́ pẹ̀lú. N kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu ni mo fi sọ fún un. A jókòó pọ̀, a kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, mo sì fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣí àkáǹtì náà. Àtùpà kan, èyí tí ẹ̀sùn pọ̀ lórí rẹ̀ jù, ni wọn kò tíì jẹ́ kí n gbé padà sójú ọjà, mo sì ti ń kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mọ́kànlá yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ pupa. Mo ti nù wọ́n, mo ti dán ìmọ́lẹ̀ wọn wò, n óò sì tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí àlòkù, pẹ̀lú àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an, bí wọ́n bá gbà mí láàyè.